Ẹni Tó Lé Eku Méjì

Nílùú Hsinchu, afẹ́fẹ́ kì í sinmi.
Ó ń fẹ́ lórí òrùlé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù,
ó ń fẹ́ dé àgbàlá ìyá àgbà Fan Jui-chen ní Xinpu,
níbi tí èso kákì ti ń gbẹ lórí àtẹ ọparun,
pupa bí iyùn.

Aago mẹ́ta òru. Jui-chen kò tíì sùn.
Aṣọ funfun bò ó dé ìpéǹpéjú,
ó tẹjú mọ́ awẹ́ kan tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ.

Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí,
lọ́jọ́ tí a jọ ń jẹ núdù lẹ́nu géètì:
iná ń sáré jíṣẹ́ nínú wáyà tín-ín-rín,
wáyà kejì sì wà nítòsí, tó ń tẹ́tí sí ohun tí kò kàn án.
Bí ohun tó là wọ́n láàárín bá le bí òkúta,
á lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ bí ẹrẹ̀.
Bó bá rí fùkẹ̀fùkẹ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn,
iṣẹ́ á kọjá fẹ̀rẹ̀.
Ooru wá ńkọ́?
Ooru kò níyẹ̀ẹ́.
Èjìká dé èjìká ni wọ́n ń gbé e,
bó bá kan ihò, á jókòó síbẹ̀,
á máa ru,
títí ilé á fi gbiná mọ́ onílé lórí.

Ọ̀gá rẹ̀, Chuang Po-hsün, rẹ́rìn-ín:
"Yan ìyára, tàbí kí o yan ìtútù.
Ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò pa."
Jui-chen ní, "Òfo ọ̀hún gan-an ni mò ń wá, sà."

Ìgbà mẹ́rìnlá ló yan awẹ́ náà nínú ààrò.
Ìgbà mẹ́rìnlá ló jáde wúruwùru,
bí ẹní tí ewúrẹ́ jẹ létí.

Lọ́jọ́ Àìkú ó lọ sí Xinpu lọ yí kákì.
Ó gbé àtẹ kan sókè, ó kọjú rẹ̀ sí oòrùn:
ihò ni gbogbo ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń jò gba ibẹ̀,
síbẹ̀ pàrà ọparun kọ̀ọ̀kan
lọ tààrà láti etí dé etí, kò já níbì kan.
"Kí lò ń wò?" ni ìyá àgbà wí.
"Gbé e kalẹ̀, o ti ń da kákì mi nù."

Ihò kọ́ ló ń dá ooru dúró.
Ìdàrúdàpọ̀ ni.

Òru yìí, leésà tan yẹ̀rì sórí awẹ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.
Nọ́ńbà kan rọlẹ̀, èkejì gòkè,
Jui-chen kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kò pariwo.
Ó fi ẹ̀mú gbé awẹ́ náà kúrò.
Ó fọ́.

Ó kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàwọ́n kákì tí kò lọ,
ó sì tún ààrò dá.
Lóde, afẹ́fẹ́ ń ti fèrèsé,
ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé.