Òṣómàáló

Láyé àwọn bàbá wa, àwìn ni a ń tà:
ìgàn aṣọ lórí, ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀fà.
Bí ọjọ́ bá pé, tí onígbèsè ń ṣe bí adití,
Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀:
"Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."

N kò mọ̀ pé ọtí gbọ́ ọgbọ́n yìí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tà fún mi láwìn:
oorun láwìn, ẹ̀rín láwìn,
ìgboyà tí mo fi bá àna mi sọ̀rọ̀, àwìn ni.
Alẹ́ Sátidé, mo da ìgò tó kù sí gọ́tà n'Írojò,
Ọmọ́lará ń tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́.
Ìdájí Sọ́ńdè, ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ara mi.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ sin ní gbèsè.
Èmi télọ̀, tí í fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn,
ife tíì ń bá àwo rẹ̀ jà lọ́wọ́ mi, kẹ́kẹ́kẹ́,
tíì dà sára aṣọ oníbàárà.
Ó kan ọ̀fun, èébì dé.
Ó kan àyà:
àyà mi ń sáré bí máṣíìnì tí ọmọ iṣẹ́ tuntun ń tẹ̀
tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró.
Ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè, ará ilé wọ súwẹ́tà,
èmi ń làágùn bí ẹni gúnyán fún gbogbo Ìsọkùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, tanpẹ́pẹ́ tò lórí ògiri,
wọ́n ń gbé bọ́tìnnì lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ké: "Ọmọ́lará, aṣọ ìgbéyàwó Fápohùndà ni wọ́n ń tú yẹn!"
Ó fọwọ́ nu ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ hàn mí.
Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
Ẹnu ìyẹn ni gìrì ti gbé mi ṣánlẹ̀.
N kò mọ̀; ahọ́n tí mo gé jẹ ló ròyìn fún mi.

Ọsibítù Wẹ́sílì. Dókítà náà kéré sí àbúrò mi,
kò pariwo:
"Ọtí tó ti pẹ́ lára, ẹ kì í já a nílé bí ẹni já ewé.
Ẹ bá gbé e wá kí ẹ tó da ìgò nù.
Ó kù díẹ̀ kó pa á."
Abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tèmi wọ iṣan mi,
omi ń kán, mo sùn,
oorun tí ẹnikẹ́ni kò tà fún mi.

Ọjọ́ kẹfà, mo béèrè ẹ̀kọ.
Òṣómàáló ti dìde lẹ́nu ọ̀nà.
Ṣùgbọ́n mo mọ ìran wa:
Ìjẹ̀ṣà kì í gbàgbé ilé ẹni tó ti rà láwìn rí.

Ọmọ́lará yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì,
kò sọ̀rọ̀, ó kàn nà án sí mi.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òwú kọ̀.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wọlé.
Ó gbà á padà, ó tẹ̀ síwájú,
ó ń rán bọ́tìnnì àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi,
ọ̀kan ṣoṣo tó já lóòótọ́.