Nápólì, Láti Ẹnu Ìlésanmí

Bàbá jókòó sídìí ògiri, ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀.
Mo gbé fóònù sí i létí bí ẹni gbé igbá omi fún aláìsàn.
Ohùn Ìlésanmí jáde, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀:
"Okun o, Bàbá. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn kan,
gbogbo Nápólì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Ó ní ìlú náà ká òkun mọ́ra bí apá ṣe ń ká ọmọ,
ilé lórí ilé, àwọ̀ wọn bí èlùbọ́, bí epo tó dà sórí amọ̀,
òpópónà tóóró débi pé bí ẹnìkan bá sín lápá ọ̀tún,
ará apá òsì ni yóò sọ pé pẹ̀lẹ́.
Okùn ni wọ́n ta láti fèrèsé dé fèrèsé:
aṣọ ìbora, ṣòkòtò, kọ́mú ìyá àgbà,
gbogbo rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ẹni tó ń lọ sí Mísà.
Alùpùpù ń sá kọjá nísàlẹ̀ bí eku inú àká.
Wọ́n tó mílíọ̀nù kan, ó dín díẹ̀.
Inú ike ni wọ́n ń ta ẹja sí láàárọ̀,
òmíràn ṣì ń wo ojú ẹni tó fẹ́ rà á.

Bàbá ní, "Bi í: níbo ni wọ́n ń kọ ebè sí?"
Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. A dúró.
Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì mẹ́ta kọjá láti Ọbájànà,
eruku bo gbágùúdá tí a sá.
Ìdáhùn dé: "N ò tíì rí ebè, Bàbá. Òkè kan ni mo rí
tí iná wà nínú ikùn rẹ̀. Láyé àtijọ́ ó bì,
ó sin ìlú kan tòun ti búrẹ́dì nínú ààrò."
"Wọ́n sì ń sùn sábẹ́ rẹ̀?"
"Wọ́n ń sùn. Wọ́n tún gbin àjàrà sí i lára."
Bàbá kọjú sí àpáta tiwa ní Kábà,
èyí tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí.
Ó ní, "Ibi tí wọ́n bí ni sí kì í jóná lójú ẹni."

Èmi ni mo mọ ohun tí kò sọ:
pé àwọn mẹ́fà ló ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin,
pé òkun tó ń yìn yẹn náà ló gbà débẹ̀,
pé ọmọ Ìyàrà tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ rọ́bà
kò gúnlẹ̀.
Òru ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní kí n má sọ.

Ohùn tó kẹ́yìn: "Kọfí ni wọ́n ń mu níbí, Bàbá,
ago rẹ̀ ò ju ìdérí ìgò lọ,
ṣùgbọ́n á lé oorun rẹ títí dọ̀túnla."

Bàbá dìde. Ó di ọ̀pá mú.
Ẹ̀yìnkùlé ni kọfí rẹ̀ wà,
èyí tó gbìn nígbà tí wọ́n ní yóò sọ wá di olówó,
tí oníbàárà kò padà wá, tí igbó gbà.
Ó fọwọ́ wá èso pupa kan láàárín ewé,
ó jẹ ẹ́, ó tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Bi í bóyá irú eléyìí ni."