Ẹ Wọn Òwú Tó Kù

Ní ọsibítù Kábà, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ìyá mi ń sọ.
Wọ́n ní jẹjẹrẹ ti kúrò lọ́yàn, ó ti dé eegun.
"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," bí ẹni tí wọ́n kí lójú ọ̀nà oko.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo wo aago.
Ìgbà tí àpáta Ògìdì yọ lókèèrè ló tó lanu:
"Bọ́sẹ̀dé, kí ni ọkùnrin yẹn wí?"

Nọ́ọ̀sì Bámitálẹ́ wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.
Ó ti fẹ̀yìntì; ewé kaṣú gbígbẹ lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀.
"Ọ̀kun o." "Ọ̀kun o."
Kò bèèrè oògùn. Ó jókòó ti òfì,
ó fọwọ́ kan aṣọ tó dé ìdajì lórí rẹ̀.
"Ta ló ni èyí?"
Ti ọmọ Ibítóyè ni, tí yóò ṣègbéyàwó lóṣù Kejìlá.
"Oṣù Kejìlá jìn," ni nọ́ọ̀sì wí.
"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí.
Iṣu ni mo ń bó. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

Ọdún méjì la ti ń rìn yí ọ̀rọ̀ yìí ká
bí ẹni ń gbálẹ̀ yí ẹni tó sùn ká.

Nọ́ọ̀sì ní kí n mú bírò.
Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìjọ ti èṣí ni mo kọ ọ́ sí:
Ọ̀nà tó kù, báwo ló ṣe gùn tó?
Oògùn tó ń jẹ irun mi yìí, ṣé ó ń jẹ àrùn náà pẹ̀lú?
Ta ni n ó ké sí bí ìrora bá dé lóru?
Ìyá mi ní kí n fi kan kún un. Ó pẹ́ kí ó tó sọ ọ́.
Ṣé ọwọ́ mi á ṣì lè di òwú mú?

Ibítóyè pè láti Abúja. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wa,
Íńdíà la ń lọ, a ò ní juwọ́ sílẹ̀;
ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọ tó fọ́ ìkòkò.
Ìyá mi gba fóònù. "Ibí, ṣé o ti jẹun?"
Lẹ́yìn náà: "Mi ò lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kí mi ní ọ̀kun."
Ó sunkún. A jẹ́ kí ó sunkún; owó káàdì tirẹ̀ ni.

Dókítà Sálíù, ọmọ Òkéné, ẹgbẹ́ àkọ́bí mi ni.
Mo tẹ́ kàlẹ́ńdà sórí tábìlì. Ó wò ó,
ó wo èrò tó kún ẹnu ọ̀nà,
ó sì dé bírò rẹ̀.
"Màmá, ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ gbọ́, àbí díẹ̀díẹ̀?"
"Aláṣọ ni mí. Ẹ wọn òwú tó kù fún mi."

Ó wọ̀n ọ́n.
Oṣù ni, kì í ṣe ọdún. Bóyá Kérésì, bóyá kó má tó o.
Omi oògùn yẹn kò jẹ àrùn mọ́, agbára yín ló ń jẹ.
Ṣùgbọ́n ìrora ní oògùn tirẹ̀, ẹ lè máa mu ún nílé.
"Kí ló jẹ yín lógún jù, Màmá?"

Mo rò pé yóò sọ "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."
Ó ní: "Kí ọwọ́ mi ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Kí n sùn lóru.
Kí ẹ má ki rọ́bà kankan bọ̀ mí nímú nígbà tó bá tó àsìkò.
Ilé mi ni kí n ti lọ, kí n máa gbọ́ ewúrẹ́ Àìná
tí mi ò fẹ́ràn rí."
Dókítà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ọ̀rọ̀ ìyá mi gan-an, tòun ti ewúrẹ́.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.

Lónìí ó hun ìwọ̀n ìka méjì. Lánàá, kò hun nǹkan kan.
Mo jókòó tì í, ó ń fi ìlà tó kàn hàn mí,
pupa, dúdú, pupa. "Ṣé o rí i?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
Ó gbá mi lọ́wọ́.
"Bí kò bá yé ọ, bèèrè."