Tíkẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Làgéré, oòrùn kò tíì mú,
èmi àti bàbá mi
tí kò fẹsẹ̀ kan ìgboro Ifẹ̀ láti ọdún mẹ́ta
torí orúnkún tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe bí àlejò lónìí.
Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ará ọ̀nà jíjìn ń wá wò."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ti kọ ebè oko tán,
kí ló tún fẹ́ wò nínú ebè?"
Síbẹ̀ ó wọ bùbá funfun,
ó dé fìlà abetí-ajá
èyí tó ń fi pamọ́ de ọjọ́ ìsìnkú.

Ní Mọ̀ọ̀pá, ọ̀pá òkúta dúró láàárín ọgbà.
Wọ́n ní ìjì ti wó o rí, ó ṣẹ́, wọ́n tún un tò.
Bàbá na ìka, ó ń ka ìṣó tó wà lára rẹ̀,
ètè rẹ̀ ń mì.
"Láti kékeré ni mo ti ń kà á.
Lọ́dún kan á lé, lọ́dún kan á dín,
bí iye ọmọ tó wà nílé wa."
Mi ò fèsì.
Àbúrò mi méjì ni a kì í kà mọ́.

Ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ní mùsíọ́mù,
ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kò gbójú kúrò lára fóònù.
"Ẹ̀yin méjì. Ẹ san owó yín."
Bàbá wo tábìlì, ó wo ilẹ̀kùn,
ó ní, "Ọmọ mi, èmi wà lára àwọn tó gbé wọn wọlé."
Ọmọbìnrin náà ní, "Àgbàlagbà náà ń sanwó, sà."

Mo san án.

Kò tíì fẹ́ ìyá mi nígbà náà.
Ṣílè mẹ́ta lójúmọ́ ni, àti ẹ̀kọ tútù lọ́sàn-án.
Ó ń fi páànù ru iyẹ̀pẹ̀ ní Ìta Yemòó
fún àwọn tó ń wa ilẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.
Nígbà tó yá, wọ́n gba páànù lọ́wọ́ rẹ̀,
wọ́n fún un ní búrọ́ọ̀ṣì tí kò ju ti ìfọyín lọ.

Àwọn orí tò sínú gíláàsì,
ojú wọn kún fún ìlà tín-ín-rín
láti iwájú orí dé àgbọ̀n,
bí òjò tó ń ṣàn lára fèrèsé.
Bàbá kọjá àwọn onídẹ, kò dúró.
Ó dúró níwájú alámọ̀ kan tí etí rẹ̀ ti fọ́.
"Òun nìyí. Ó dojú bolẹ̀ nígbà tí mo kàn án.
Mo rò pé iṣu ni.
Mo gbá erùpẹ̀ ojú rẹ̀, ó wò mí.
Mo fò jáde nínú kòtò, mo fi bàtà sílẹ̀."

Ó ní kí n ka ìwé pélébé abẹ́ rẹ̀ fún òun.
Amọ̀ sísun. Ìta Yemòó.
"Kí ni wọ́n tún kọ?"
Orúkọ òyìnbó kan.
"Kí ni wọ́n tún kọ?"
Ó tán, Bàbá.
Ó dákẹ́ títí àwọn ọmọ iléèwé kan fi wọlé pẹ̀lú ariwo wọn.
Ó ní, "Ẹni tó mọ ọ́n náà, wọn ò kọ tirẹ̀.
A jẹ́ pé a pé méjì."

Nígbà tí a délé ní Ìlódè,
ó bọ́ bàtà, ó jókòó sẹ́yìnkùlé
lórí àpáàdì tí àwọn àtijọ́ nà ró sínú ilẹ̀,
ìkan ti ìkan bí ìpẹ́ ẹja.
Wọ́n ní ọba obìnrin kan ló kórìíra ẹrẹ̀.
Ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń fọ ìkòkò,
tí omi ọṣẹ á gba àárín wọn
lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tò ó.

Ó ní kí n mú tíkẹ́ẹ̀tì òun wá.
Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i padà.
Òdìkejì rẹ̀ ṣófo.
"Awótidé," ló ń wí lábẹ́ ètè, bí ẹni ń pe ẹlòmíràn.
Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí mi:
"Bírò dà?"