Ẹja Tó Fẹ́ Ara Rẹ̀

Aago márùn-ún àárọ̀, Tánkẹ̀ ò tíì jí.
Mo ti ṣí láàbù. Èmi ni mò ń pààrọ̀ omi wọn,
omi oníyọ̀ tí a fọwọ́ ara wa pò,
nítorí Ìlọrin ò lókun, odò Asà ò mọ iyọ̀.

Ẹja kékeré, kò gùn tó ìka mi tó kéré jù.
Ó ti igbó ẹ̀gbà wá, létí òkun ọ̀nà jíjìn,
níbi tí igi ti ń fi gbòǹgbò dúró nínú ẹrẹ̀
bí ẹni gun àgéré.
Wọ́n ní bí omi bá fà, á wọ ihò akàn,
á wọ inú igi jíjẹrà, á máa fi awọ ara mí
títí omi yóò fi rántí rẹ̀.

Dókítà Àsímáwù ló sọ ọ́ fún mi,
ó ń jẹ wàrà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wojú mi:
"Ìyá Oyèdèjì, ẹja yìí ni ọkọ, òun náà ni aya.
Òun ló ń yé ẹyin, òun ló ń sọ ẹyin dọmọ,
kò wá ẹnikẹ́ni."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, àṣé èmi nìkan kọ́.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń wí fún ará Òkè-Odè
pé mo ṣe bàbá, mo ṣe ìyá.

Ó fi àwòrán hàn mí, ilà wẹ́wẹ́ lórí dúdú.
Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ilà wọ̀nyí wà, abẹ kọ́ ló kọ wọ́n.
Gíláàsì kẹta: ogójì ẹja, pélé kan náà.
Ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ,
ẹnìkan ṣoṣo tó ń jí ní ogójì ojú.
"Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀ ni?"
Ó nu ọwọ́. "Bí àrùn bá mọ ilẹ̀kùn ilé kan,
ó ti mọ ti gbogbo àdúgbò nìyẹn."

Nínú oṣù Kejì, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀.
Omi gbóná. A ka òkú gíláàsì kẹta: ogójì.
Ní gíláàsì kẹsàn-án, méjìlá ṣì ń mí.
Àwọn wọ̀nyẹn, ilà wọn ò bára mu,
òmíràn gba àbàjà lápá kan, ó gba pélé lápá kejì,
torí pé akọ kan yọjú síbẹ̀ nígbà kan rí,
ara rẹ̀ pọ́n bí èèpo ọsàn,
ẹyọ kan láàárín ọ̀pọ̀,
kò sì pẹ́ láyé.

Kò pẹ́ láyé. Mo tún un sọ nígbà tí mò ń fọ gíláàsì.

Bàbá Oyèdèjì, ọdún mẹ́ta péré la jọ lò.
Ó ń wa lọ́rì gẹdú láti Ṣàárẹ́.
Lọ́rì gbé e lọ, kò dá a padà.
Mi ò gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ ògiri. Owó ilé-ìwé, èmi;
ibà òru, èmi.
Gbogbo ènìyàn ní, ojú rẹ ló jọ, ẹnu rẹ ló jọ,
mo sì ń gbà á bí owó iṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ àná, ọmọ náà wá fi ọ̀kadà gbé mi.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ pé mò ń wo òun,
ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ha ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún
bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n di gẹdú tán.
Ta ló kọ́ ọ? Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà náà.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń wò?"
Mo ní kò sí nǹkan, bá mi mú báàgì yìí dání.
Mo padà wọlé, mo bu oúnjẹ sí gíláàsì kẹsàn-án,
ó fi díẹ̀ ju ohun tí Dókítà kọ sínú ìwé lọ.