Ilé Onílé l'Ákòbọ̀

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ọ̀pẹ, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.
Àdúrà kọ́ ni mo ń gbà o, táìlì ni mo ń tẹ́
nínú pálọ̀ ọkùnrin kan tí n kò fojú rí rí,
l'Ákòbọ̀, lẹ́yìn ibi tí ọ̀dà títì parí sí.
Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìjí ní kí n parí ẹ̀ kó tó dọdún,
pé òun ń bọ̀ láti Kánádà, tìyàwó tọmọ,
òun fẹ́ fẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé òun.
Mo gbà. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ Ìmẹ̀kọ lọ láìsí mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tẹ̀ mí láago:
owó ọkọ̀ òfurufú ti gun òrùlé,
ó di ọdún tó ń bọ̀.
Bí àwa méjèèjì ò ṣe relé nìyẹn,
tèmi tiẹ̀ tún yàtọ̀: ilé tirẹ̀ ni mo wà.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá kan náà la jọ ń sọ,
àmọ́ tí mo bá ti lanu, ọmọ tó ń ta omi á bú sẹ́rìn-ín:
"Ará Kọ̀tọ̀nú ti dé!"
N kò dé Kọ̀tọ̀nú ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi.
Ìbàdàn ò sì ṣe mí níkà, kí n sòótọ́.
Màmá Ọlátẹ́jú na abọ́ ìrẹsì sí mi lórí ògiri,
ó ní, "Jẹ ẹ́ kó tó tutù."
Sìmẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sójú fèrèsé.

Lálẹ́, fóònù dún. Ojú ọkùnrin náà yọ nínú gíláàsì,
yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń jọ̀ gàrí.
Ó ní kí n gbé òun yíká. Mo gbé e:
yàrá ọmọ, ilé ìdáná, ibi tí ẹ̀rọ omi yóò wà.
Ó ní, "Gbé mi dé òkè pátápátá."
Mo gun àtẹ̀gùn tí kò tíì nírin ìdìmú,
mo nawọ́ síta, mo kọ ojú rẹ̀ sí ìlú.

Ọyẹ́ ti bo gbogbo ẹ̀. Páànù tó dípẹtà lórí páànù tó dípẹtà,
títí ojú ò fi ríran mọ́. Wọ́n ń wi ìyẹ́ adìyẹ níbì kan.
Àwọn ọmọ ń yin báńgà nísàlẹ̀, ìyá kan ń bú wọn,
èébú Ìbàdàn gidi, tó lórí, tó nírù.
Ó ní, "Má sọ̀rọ̀. Jẹ́ n gbọ́."
A dúró bẹ́ẹ̀. Apá ń ro mí.
Mo ṣe bí nẹ́tíwọ̀kì ti lọ ni,
àṣé ọkùnrin náà kàn fàtẹ́lẹwọ́ bo imú ni.
Ìgbà tó ṣe, ó ní, "Èló ló kù tí mo jẹ ọ́?"

Aago mẹ́wàá, Ìyá Bánkọ́lé pè.
Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni tiwa, kì í fojú hàn.
Ó ní ọmọ ti rìn lónìí, ó gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣubú,
ó dìde, ó tún fi méjì lé e.
Ó gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n lè gbọ́.
Ilẹ̀ eléèpẹ̀ ni. N kò gbọ́ nǹkan kan,
ewúrẹ́ nìkan, àti ẹ̀rín ìyá mi.
Mo ṣáà ní mo gbọ́.

Táìlì kan ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Sìmẹ́ǹtì ṣì tutù.
Mo fìka kọ BÁN-, mo tún pa á rẹ́:
a kì í forúkọ ọmọ ẹni tẹ́lẹ̀ fẹ́sẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.
Mo bá gbé e lọ sára ògiri ilé ìdáná,
ní ìwọ̀n ibi tórí rẹ̀ yóò dé bó bá dúró ṣánṣán.
Mo kọ ọ́ pé. Mo fi táìlì funfun dé e,
mo gbá a mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìrẹsì.