Ìpẹ́

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà ní Ayétòrò
ni mo ti máa ń gbé agolo òrí ka iná,
kó yọ́ díẹ̀, kó má gbóná.
Hábíbátù kì í sùn mọ́jú.
Ara yíyún kì í gbà fún un.
Mo máa ń gbọ́ èékánná rẹ̀ nínú òkùnkùn,
kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀,
bí eku tó ń họ pákó.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ń sán jù.
Mo gba ojúgun, mo dé orúnkún
tó le gbagidi, tí kò fẹ́ ká.
Mo ń ti òrí bọ ojú ìlà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí bàbá wa ṣe ń ti òwú àti ọ̀dà
bọ ojú pákó ọkọ̀ tó ń jò.

Ìyá wa ń ta ẹja lọ́jà Olúwo.
Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi í pé,
irú ẹja wo lo jẹ nígbà oyún?
Àwọn kan rẹ́rìn-ín.
Ẹnì kan gbé owó sórí pákó
kí ọwọ́ òun má baà kan ọwọ́ rẹ̀.
Ẹnì kan ní ọmọ ọ̀sà ni, ẹ dá a padà fún ọ̀sà.
Ìyá wa kò fèsì. Ó ń ha epìyà rẹ̀ lọ,
ìpẹ́ ń ta sí i nírun, ó ń ta sí ìborùn.
Bó bá délé, Hábíbátù á na ọwọ́ líle yẹn,
á máa ṣa ìpẹ́ kúrò lára ìyá wa,
ọ̀kan, ọ̀kan, láìkánjú.
Nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀
n kì í mọ ìpẹ́ ẹja yàtọ̀ sí ti àbúrò mi.

Ó pẹ́ kí ọrùn rẹ̀ tó dúró.
Ó pẹ́ kó tó jókòó, ìdúró kò tíì yá.
Ọdún mẹ́jọ rèé.
Màámi àgbà ní, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.
Mo ní, bí kò bá wá pè é ńkọ́?
Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní,
“Baba á máa dá a lóhùn náà ni.”

Dókítà ní Ìkẹjà kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé,
orúkọ gígùn bí okùn àwọ̀n.
Bàbá wa pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó já lẹ́ẹ̀mẹta.
Dókítà ní kì í ranni, kì í ṣe èpè.
Ìwọ gbé ìdajì, ìyàwó rẹ gbé ìdajì,
ẹ̀yin méjèèjì ò sì mọ̀.
Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Ẹ̀pẹ́
bàbá wa ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀,
ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn,
bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù lókùnkùn.

Òógùn kì í jáde lára Hábíbátù.
Nítorí náà, tí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà bá mú,
bàbá wa á gbé e sínú ọkọ̀ tí wọn ò tíì kùn,
á máa fi igbá bu omi ọ̀sà sí i lẹ́yìn.
Ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà náà!
Àwọn tó ń bọ̀ láti odò á dẹ àjẹ̀,
wọn á ní, ta lẹ ní sínú ọkọ̀ yẹn?

Ní ilé ìwé, Olórìí ni wọ́n ń pè mí.
Òórùn rẹ̀ ti mú aṣọ mi, ó mú ìwé mi.
Lánàá, Sàúdátù tẹ̀ lé mi délé,
ó fi ìka kan ṣoṣo kan apá àbúrò mi.
“Ṣé ó ń dùn ún?”
“Bi í,” ni mo wí.
Ó bi í.
Hábíbátù gbá ọwọ́ rẹ̀ mú,
ó rì í bọ inú agolo.

Òrí ku díẹ̀ nísàlẹ̀.
Ó yẹ kí n rán ìyá wa létí, ọjà di lọ́la.